Ríìngì Inú Ilé: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Kò Já, àti Ìwọ̀n Iná Tí Wáyà Lè Gbé

Tí wáyà gílóòbù bá já, gílóòbù á kú, gbogbo ilé á sì mọ̀. Ríìngì, ìyẹn wáyà tó ń yí ilé po láti bọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè já níbì kan fún ọdún mẹ́ta, kí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì máa ṣiṣẹ́, kí kẹ́tùlù máa hó, kí ẹ̀rọ ìfọṣọ máa yí, kí bírékà má sì já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú ògiri ni nǹkan ti yí padà: wáyà kan ló ń dá gbé ẹrù tí wọ́n ṣírò fún méjì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ojú kò lè rí ibi tó ti já, etí kò lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìdíwọ̀n nìkan ló lè fi hàn. Nítorí náà, wíwọ̀n la máa gbé yẹ̀ wò jù níbí.

Iṣẹ́ inú bọ́ọ̀dù iná jẹ́ ti oníná tó kọ́ṣẹ́, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè òfin gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Onílé lè ka ẹrù (iye iná tí àwọn ẹ̀rọ ilé ń jẹ), kó wo ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó tẹ bọ́tìnnì RCD (ohun tó ń gé iná tí iná bá ń sá lọ sínú ilẹ̀). Ó sì yẹ kó mọ nọ́ńbà tó máa bi oníná léèrè kó tó sọ pé iṣẹ́ ti parí.

Bí ríìngì ṣe rí

Ríìngì ni wáyà tó kúrò lábẹ́ bírékà kan, tó ń ti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan bọ́ sí òmíràn títí tó fi yí ilé po, tó sì padà wá sábẹ́ bírékà kan náà. Tí oníná bá ṣí bọ́ọ̀dù, láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) méjì ló máa bá lábẹ́ bírékà yẹn, niútírà (èyí tí iná ń gbà padà) méjì lórí irin niútírà, áàtì (wáyà ààbò tó lọ sínú ilẹ̀) méjì lórí irin áàtì. Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, bí abúlé tó ní títì níwájú àti lẹ́yìn. Irú kejì ni wáyà alọ-má-bọ̀, tó ń parí síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbẹ̀yìn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ríìngì ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì tí bàbà wọ́n. Ọdún 1947 ni ìwé òṣùwọ̀n BS 1363 jáde fún púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta tó ní fíúsì nínú, púlọ́ọ̀gì yẹn àti ríìngì kò sì ṣeé yà sọ́tọ̀. Bírékà áńpíà 32 tóbi jù láti dáàbò bo wáyà tínínrín ara iná orí tábìlì. Fíúsì inú púlọ́ọ̀gì ló ń ṣe ìyẹn. Níbi tí púlọ́ọ̀gì kò bá ti ní fíúsì, ẹ má fa ríìngì rárá. Alọ-má-bọ̀ ni kí ẹ fà.

Ohun tí ríìngì ń béèrè nìyí: bírékà áńpíà 30 tàbí 32, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wáyà bàbà tí kò kéré sí 2.5 mm², kí wáyà náà lè gbé áńpíà 20 ó kéré tán níbikíbi tó bá gbà kọjá, ìbáà jẹ́ inú ògiri tàbí òkè àjà, kí apá kankan nínú rẹ̀ má sì máa gbé ju agbára rẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́. Àṣà àwọn oníná ni pé ríìngì kan kì í bọ́ ilẹ̀ tó ju 100 m² lọ.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìyẹn á béèrè pé: wáyà áńpíà 20 lábẹ́ bírékà áńpíà 32, ṣé kò léwu? Ó léwu, tó bá dá wà. Pípín tí wáyà méjèèjì ń pín ẹrù ló sọ ọ́ di ohun tó ṣeé gbà. Bírékà áńpíà 32 kì í já ní áńpíà 33. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé ó gbọ́dọ̀ fara da ìlọ́po 1.13, ìyẹn bí áńpíà 36, fún odindi wákàtí kan láìjá. Ó dìgbà tí iná bá dé ìlọ́po 1.45, bí áńpíà 46, kó tó di dandan fún un láti já láàárín wákàtí kan. Ẹ wá fi ìyẹn wé ríìngì tó ti já: wáyà tó yẹ kó gbé 20 tàbí 27 lè máa gbé 36 ní gbogbo àṣálẹ́, bírékà kò sì ní sọ nǹkan kan.

Ìwọ̀n iná tí wáyà lè gbé

Nọ́ńbà ara wáyà nìkan kò tó. Ibi tí wáyà dùbúlẹ̀ sí ló ń sọ bí ooru ṣe máa rí ọ̀nà jáde. Wáyà pẹlẹbẹ tí láìfù, niútírà àti áàtì wà nínú awọ kan, tí awọ rẹ̀ jẹ́ PVC tí kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 70°C lọ, ohun tó lè gbé nìyí tí wọ́n bá kàn án mọ́ ara ògiri tàbí tí wọ́n fi símẹ́ǹtì bò ó:

- 1 mm²: áńpíà 16
- 1.5 mm²: áńpíà 20
- 2.5 mm²: áńpíà 27
- 4 mm²: áńpíà 37
- 6 mm²: áńpíà 47
- 10 mm²: áńpíà 64

Ẹ mú 2.5 mm² yẹn, kí ẹ gbé e kiri. Tí wọ́n bá fa láìfù àti niútírà rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú páìpù tó wà lójú ògiri, ó di áńpíà 24. Tí páìpù bá wà nínú ògiri tó ní ìdènà ooru, ó di 20. Lórí àjà, tí òwú ìdènà ooru bò ó mọ́lẹ̀ tó sì nípọn ju mílímítà 100 lọ, ó di 17. Tí òwú bá yí i ká lọ́tùn-ún lósì láìfara kan ògiri, 13.5 péré ló kù. Wáyà kan náà ni o, owó kan náà ni wọ́n fi rà á. Àwọn méjì ìgbẹ̀yìn yìí kò tó 20, nítorí náà ríìngì kò gbọ́dọ̀ gbabẹ̀ kọjá pẹ̀lú 2.5 mm². Lọ́pọ̀ ìgbà ni onílé máa ń pe oníná fa wáyà tó dára, tí ẹlòmíràn á sì wá da òwú ìdènà ooru lé e lórí láìbéèrè. Ẹ gbé wáyà sókè kúrò lábẹ́ òwú, tàbí kí ẹ kàn án mọ́ ara igi kí apá kan rẹ̀ lè máa mí.

Afẹ́fẹ́ 30°C ni wọ́n fi ṣírò gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ní 40°C, ẹ fi 0.87 sọ ọ́ di púpọ̀: 27 á di 23.5. Tí wáyà ríìngì méjì bá jọ wà nínú páìpù kan tí àwọn méjèèjì sì ń gbé ẹrù, ẹ tún fi 0.80 sọ ọ́ di púpọ̀. Òkè àjà tí òòrùn ń pa lọ́sàn-án sábà máa ń gbóná ju 40°C lọ, ẹ má fi ooru inú yàrá ṣírò rẹ̀.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ooru inú wáyà kì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú iná. Tí iná bá ti 20 lọ sí 30, ooru á di ìlọ́po 2.25. Awọ wáyà tó ń gbóná kọjá 70°C kì í jóná lójijì. Ó ń le díẹ̀díẹ̀, ó ń gbẹ, títí di ọjọ́ tí ẹnì kan á fa sọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú tí awọ á sì ya.

Ọ̀rọ̀ wáyà ayédèrú náà kò ṣeé fò. Kí wọ́n tẹ 2.5 sí ara rẹ̀ kò sọ pé 2.5 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí awọ rẹ̀, kí ẹ fi kálípà wọn bàbà rẹ̀: bàbà ẹyọ kan ti 2.5 mm² fẹ̀ tó 1.78 mm, ti 1.5 mm² fẹ̀ tó 1.38 mm. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Bàbà pọ́n dé inú. Tí funfun bíi fàdákà bá yọ lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ẹ má fi í sínú ògiri. Ẹni tó ra odindi róòlù mítà 100 lè wọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí: 2.5 mm² kò gbọ́dọ̀ ju òmù 0.741 lọ ní 20°C (òmù ni ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná tó). Ní 30°C, ẹ lè rí bí 0.77. Tó bá fi 0.9 tàbí 1.1 hàn, ẹ dá a padà.

Ẹ ka ẹrù, kí ẹ sì wo ibi tó wà

Ní fólítì 230, áńpíà 32 jẹ́ bíi wáàtì 7,360. Àwọn ohun tó ń mú nǹkan gbóná ló ń jẹ iná: kẹ́tùlù, hítà, ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ ìfọbọ́, áyọ́ọ̀nù. Tẹlifíṣọ̀n, ṣájà àti gílóòbù kò tó nǹkan, ẹ má dààmú ara yín lé wọn lórí.

Ibi tí ẹrù wà ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ríìngì tó gùn tó mítà 60. Ilé ìdáná wà ní mítà 6 sí bọ́ọ̀dù. Kẹ́tùlù ń jẹ wáàtì 3,000, ẹ̀rọ ìfọṣọ 2,200, ẹ̀rọ ìfọbọ́ 2,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7,200, ìyẹn bí áńpíà 31. Ọ̀nà tó kúrú ni iná fẹ́ràn: ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá á gba mítà 6 yẹn, ìyẹn bí áńpíà 28, tí mẹ́ta péré á sì gba mítà 54 ìyókù. Ríìngì náà pé, kò já, síbẹ̀ mítà 6 yẹn ti kọjá 27. Tí ẹrù kan náà bá wà láàárín ríìngì, nǹkan bíi 15.6 ló máa gba apá kọ̀ọ̀kan, ara á sì rọ gbogbo wáyà.

Nítorí náà, ẹ fún ilé ìdáná ní ríìngì tirẹ̀, kí ẹ sì yí i ká kí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rù wúwo wà nítòsí àárín. Sítóòfù iná, ẹ̀rọ amúmi-gbóná ti ilé ìwẹ̀ àti tánkì omi gbígbóná kò gbọ́dọ̀ sí lórí ríìngì. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà àti bírékà tirẹ̀: sítóòfù sábà máa ń gba 6 mm² lábẹ́ 32, tánkì wáàtì 3,000 gba 2.5 mm² lábẹ́ 16.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì kì í gbé 13 ní ìlọ́po méjì. Àpapọ̀ áńpíà 20 ni wọ́n fi ń dán an wò. Kẹ́tùlù àti hítà wáàtì 3,000 lórí ọ̀kan ṣoṣo jẹ́ 26, ojú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀ka

Ẹ̀ka ni wáyà kan tó ya kúrò lára ríìngì lọ bọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí kò sì padà. Tí kò bá ní fíúsì, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló lè bọ́, olójú kan tàbí olójú méjì. Ẹ̀ka kò gbọ́dọ̀ bí ẹ̀ka, iye ẹ̀ka kò sì gbọ́dọ̀ ju iye sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lórí ríìngì fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sí mẹ́ta níbì kan, ẹ fi àpótí fíúsì áńpíà 13 sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka yẹn. Fíúsì náà á máa ṣọ́ gbogbo wọn.

Tí ẹ bá ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ka wáyà láìfù tó wọlé. Wáyà kan: òpin ẹ̀ka ni, tàbí òpin alọ-má-bọ̀. Mẹ́ta: orí ríìngì ni, ẹ̀ka sì ti ibẹ̀ yọ. Méjì ló ń tan èèyàn jẹ, nítorí ó lè jẹ́ orí ríìngì, ó sì lè jẹ́ àárín ẹ̀ka tó ti bí ẹ̀ka mìíràn. Kíkà kò lè yanjú ìyẹn, àyẹ̀wò kejì ní ìsàlẹ̀ ló máa yanjú rẹ̀.

Pípa iná, àti mímọ̀ dájú pé ó kú

1. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa bírékà ríìngì, kí ẹ fi àgádágodo bírékà tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Tí ilé bá ní jẹnẹrétọ̀, ìnfátà tàbí sólà, ẹ pa tìyẹn náà, kí ẹ sì tì í.
2. Kí oníná tó ṣí bọ́ọ̀dù, kó pa súwíìṣì àgbà. Wáyà tó ń wọlé sí orí súwíìṣì yẹn ṣì ní iná síbẹ̀, pípa kankan nínú bọ́ọ̀dù kò kàn án.
3. Ẹ fi tẹ́sítà olórí méjì kan ibi tí ẹ mọ̀ pé iná wà, kí ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.
4. Ẹ fi kan ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́: láìfù sí niútírà, láìfù sí áàtì, niútírà sí áàtì. Ìgbà mẹ́ta, ẹ má fo ìkankan.
5. Ẹ tún padà fi kan ibi tí iná wà. Tí tẹ́sítà bá ti kú láàárín méjèèjì, òkú tí ẹ rí kì í ṣe òkú.

Tẹ́sítà oníbíròó tó ń dún láìfara kan wáyà, àti sukurudíráfà tó ń tan iná pupa, kò tó fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n lè sọ pé iná wà. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ tí wọ́n bá sọ pé kò sí.

Kí ẹ tó wọ̀n, ẹ wò

Ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ìdè tó ti tú máa ń sọ ìtàn ara rẹ̀: bàbà tó yẹ kó pọ́n dídán á ti dúdú, ike ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì á ti wú díẹ̀, awọ láìfù á ti le gan-gan, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á sán bí èèpo ẹ̀pà. Òórùn rẹ̀ dà bí ẹja tó ń jóná. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ojú ìdè tó tú tó sì ní òmù 0.1, tí áńpíà 13 bá gbà á kọjá, á mú ooru tó tó wáàtì 17 jáde níbi tí kò tó èékánná. Ẹ gé wáyà padà dé ibi tí bàbà ti mọ́, kí ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Èyí tó bá yọ, òun ni. Ẹ wò bóyá sukúrù tẹ awọ dípò bàbà, bóyá ọ̀bẹ gé nínú fọ́nrán wáyà, bóyá áàtì wà níhòòhò láìsí awọ aláwọ̀ ewé àti òfeefèé lára rẹ̀. Ẹ fún sukúrù tó ìwọ̀n tí ẹni tó ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ sílẹ̀. Fífún àfúnjù náà máa ń gé bàbà.

Àyẹ̀wò mẹ́ta tó ń sọ òótọ́

Ẹ̀rọ ìdíwọ̀n tó ń ka òmù dé 0.01 ni ẹ nílò. Èyí tí wọ́n ń rà fún bátìrì rédíò kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín 0.22 àti 0.30, ìyàtọ̀ yẹn gan-an la sì ń wá. Ẹ so orí méjèèjì ẹ̀rọ náà pọ̀, kí ẹ dá a sí òdo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

*Àkọ́kọ́: láti orí dé ìdí.* Ẹ yọ láìfù méjì, niútírà méjì àti áàtì méjì ríìngì kúrò nínú bọ́ọ̀dù. Ẹ fi téèpù sàmì sí ẹsẹ̀ kan ní àlọ, sí èkejì ní àbọ̀. Ẹ wọn láìfù sí láìfù, niútírà sí niútírà, áàtì sí áàtì, kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Mítà kan 2.5 mm² jẹ́ òmù 0.00741, nítorí náà ríìngì mítà 60 á fi 0.44 hàn fún láìfù àti niútírà. Áàtì inú wáyà pẹlẹbẹ sábà máa ń jẹ́ 1.5 mm², ó ga sí i ní bí ìlọ́po 1.6: ẹ máa rí 0.73. Láìfù àti niútírà kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra ju 0.05 lọ.

*Ìkejì: láìfù àti niútírà ní ìlòdì.* Ẹ so láìfù àlọ mọ́ niútírà àbọ̀, kí ẹ so niútírà àlọ mọ́ láìfù àbọ̀. Ẹ lọ sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọn láìfù sí niútírà. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lórí ríìngì gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà kan náà hàn: àpapọ̀ méjèèjì tí a pín sí mẹ́rin, ìyẹn 0.22 fún ríìngì wa. Ẹ̀ka á ga díẹ̀. Ẹ̀ka mítà 5 á fi bíi 0.07 kún un. Tí nọ́ńbà bá kéré nítòsí bọ́ọ̀dù, tó ń ga bọ̀ títí dé àárín, tó sì tún ń lọ sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ so ẹsẹ̀ kan náà pọ̀ dípò ìlòdì. Ẹ yí i padà.

*Ìkẹta: láìfù àti áàtì ní ìlòdì.* Bákan náà, ṣùgbọ́n áàtì gba ipò niútírà. Fún ríìngì wa, 0.44 àti 0.73 tí a pín sí mẹ́rin jẹ́ 0.29. Nítorí pé áàtì tínínrín ju láìfù lọ, nọ́ńbà á yí padà díẹ̀, láti bíi 0.27 nítòsí bọ́ọ̀dù sí 0.29 láàárín. Èyí tó ga jù ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ló tún ń mú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé láìfù sípò niútírà, èyí tí àyẹ̀wò kejì kò lè rí: níbẹ̀, ẹ̀rọ kò ní ka nǹkan kan.

Ohun tí nọ́ńbà ń sọ

Tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò bá ka nǹkan kan fún ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wáyà yẹn ti já. Áàtì tó já kò mú nǹkan gbóná, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ìyẹn náà bá tún já, ara irin ẹ̀rọ ìfọṣọ lè di láìfù. Ẹ má rìn láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kìíní dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún láti wá a. Tí láìfù ló já, ẹ so láìfù àlọ mọ́ áàtì àlọ ní bọ́ọ̀dù, kí ẹ lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì àárín. Tí ẹ̀rọ bá kà á, ibi tó já wà níwájú. Tí kò bá kà á, ó wà lẹ́yìn. Ẹ tún pín ìyókù sí méjì. Ìgbà mẹ́rin péré lẹ máa fi mú un láàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì 15.

Tí láìfù àti niútírà bá yàtọ̀ ju 0.05 lọ, ojú ìdè kan ti tú. Tí àyẹ̀wò kejì bá ń fò sókè fò sílẹ̀ lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe ẹ̀ka, ẹnì kan ti so ríìngì mọ́ ara rẹ̀ láàárín, ó ti di ríìngì nínú ríìngì.

Èyí tó burú jù ni tí láìfù àlọ kò bá ka nǹkan kan pẹ̀lú àbọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n tó kà pẹ̀lú láìfù ríìngì mìíràn. Wọ́n ti da ríìngì méjì pọ̀ nínú àpótí kan. Bírékà méjì ló ń bọ́ wáyà kan náà, 64 lápapọ̀, ẹni tó bá sì pa ọ̀kan tó fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì máa bá iná níbẹ̀. Ẹ má tan bírékà méjèèjì títí ẹ ó fi tú wọn sọ́tọ̀.

Dídá iná padà

Kí iná tó padà, ẹ fi ẹ̀rọ fólítì 500 wọn awọ wáyà: láìfù sí niútírà, láìfù sí áàtì, niútírà sí áàtì. Mẹ́gà-òmù 1 ni ó kéré jù tó ṣeé gbà, ṣùgbọ́n wáyà tó dára máa ń kọjá ọgọ́rùn-ún. Ohunkóhun tó bá ní ẹ̀rọ kékeré nínú, bíi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ojú USB, lè bàjẹ́ lábẹ́ fólítì yẹn. Ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ so láìfù àti niútírà pọ̀, kí ẹ wọn méjèèjì sí áàtì.

Ẹ dá wáyà padà sí bọ́ọ̀dù: láìfù méjèèjì sábẹ́ bírékà kan, kí ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún un. Nígbà tí iná bá dé, kí oníná wọn òmù àyíká láìfù sí áàtì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù. Fún bírékà irú B ti áńpíà 32, òmù 1.37 ni òpin rẹ̀. Tí wáyà bá tutù, kó má ju 1.10 lọ. Níbi tí áàtì ilé bá jẹ́ irin tí wọ́n gún sínú ilẹ̀, nọ́ńbà á ga ju ìyẹn lọ, RCD ló sì máa ń gé iná níbẹ̀.

RCD mílíáńpíà 30 gbọ́dọ̀ já láàárín ìdá 0.3 ìṣẹ́jú àáyá tí mílíáńpíà 30 bá sá lọ sínú ilẹ̀. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Èèyàn ló ń gbà là; kò mọ̀ pé ríìngì já, kò sì mọ̀ pé wáyà ń gbóná.

Ní ti wáyà ara ẹ̀rọ àti ẹsiténṣàn: 0.75 mm² ń gbé áńpíà 6, 1 mm² ń gbé 10, 1.25 mm² ń gbé 13. Fíúsì 3 tó fún ohun tí kò ju wáàtì 700 lọ. Ẹsiténṣàn tó wà ní wíwé sórí kẹ̀kẹ́ kò lè gbé ju áńpíà 3 sí 4 lọ kó má yọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ẹ tú u tán kí ẹ tó lò ó. Ẹ má sì ki ẹsiténṣàn bọ ẹsiténṣàn.

Tí ríìngì bá já tí kò sì ṣeé tún ṣe lónìí

Nígbà mìíràn, ibi tó já wà lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti da símẹ́ǹtì lé. Ẹ má dá bírékà 32 padà sí i pẹ̀lú èrò pé ẹ ó padà wá. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi áńpíà 20 tí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù yẹn ṣe sípò rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pé ríìngì ti já. Bírékà 20 á máa já tí kẹ́tùlù, hítà àti ẹ̀rọ ìfọṣọ bá jọ ń ṣiṣẹ́, ará ilé á sì ráhùn; wáyà kò ní jóná. Tí àyè bá wà nínú bọ́ọ̀dù, ẹ gé apá tó bàjẹ́ kúrò ní ìhà méjèèjì, kí ẹ fún àlọ ní bírékà 20 tirẹ̀, kí ẹ fún àbọ̀ náà ní tirẹ̀. Alọ-má-bọ̀ méjì ni wọ́n dà, niútírà ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wà ní ipò tó bá bírékà tirẹ̀ mu. Ẹ tún wọn méjèèjì láti bọ́ọ̀dù dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbẹ̀yìn, pàápàá áàtì, kí ẹ tó tan wọ́n.